Ìpín Onímọ̀ Ìràwọ̀ Lára Òkìtì Odò

Ọmọ mi obìnrin ló pè mí láti Berlin láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù ọdún 2018. Ó ní òun rí ìwé ìkéde kan lára ògiri ilé ìkàwé àdúgbò òun ní Gesundbrunnen, àwòrán ọ̀gá mi àtijọ́ sì wà lára rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà yóò sọ̀rọ̀ ní gbangba ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, nípa onímọ̀ ìràwọ̀ kan tó gbé ní Berlin ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Àkọlé ọ̀rọ̀ náà ni "Ọkùnrin Tó Gbàgbé Ilé".

Mo dìde. N kò mọ̀ pé mo dìde, àfìgbà tí mo rí i pé tíì mi ti dà sórí aṣọ tábìlì.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe nǹkan kan o," ni ọmọ mi wí.

"Kí ni mo sọ pé mo fẹ́ ṣe?"

"Mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí."

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí nígbà náà. Mò ń dá gbé nínú yàrá méjì ní Rothenburgsort, níbi tí ariwo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí èbúté Hamburg kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ rédíò rẹ̀. Eékún mi òsì kò gbọ́ràn mọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wọ gbọ̀ngán ìdánwò. Ọkùnrin náà kò tíì kú. Ẹ̀rù ti ń bà mí láti ọdún pípẹ́ pé yóò kú kí n tó rí i mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni mo wá sí Hamburg láti kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì. Nígbà tí mo parí, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ gbà mí sí yàrá ìwé àtijọ́ wọn. Iṣẹ́ mi ni láti máa ka lẹ́tà àwọn onímọ̀ tó ti kú, kí n sì máa fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ará Jámánì àtijọ́ kò jọ ti ìsinsìnyí. Ó dà bí ìgbà tí kòkòrò bá ti inú tàdáwà jáde tó sì rìn lórí ìwé. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn kò lè kà á mọ́. Èmi lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ obìnrin arúgbó kan fún ọdún méjì, mo sì kà á bí ẹni ń ka Bíbélì. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Nàìjíríà ṣe ń ka ìwé àwọn baba ńlá wọn sí wọn létí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni olórí yàrá náà. Èmi á kà, òun á kọ ìwé jáde, orúkọ rẹ̀ á wà lẹ́yìn ìwé, tèmi á wà lára kọ́kọ́rọ́ mi nínú àpótí kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́.

Láàárín àwọn ìwé onímọ̀ ìràwọ̀ tí mò ń sọ yìí, ewé méjìlélógún wà tí kò sí ọ̀rọ̀ lórí wọn, nọ́ńbà nìkan ni. Ewé kan fún ọdún kan. Ọjọ́ wà lápá òsì, wákàtí wà lápá ọ̀tún, òbíríkítí kékeré sì wà láàárín wọn, funfun nígbà mìíràn, dúdú nígbà mìíràn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà díẹ̀ mọ̀ pé òbíríkítí funfun dúró fún òṣùpá àrànmọ́jú, èyí tó dúdú sì dúró fún òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà pé ọkùnrin náà ń kọ wákàtí tí òṣùpá gun àárín ọ̀run ní Berlin sílẹ̀ ni. Ó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé gbogbo wákàtí náà ló fi bíi wákàtí márùn-ún yẹ̀. Ló bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ogbó ti dé bá ọkùnrin náà, ojú rẹ̀ ti ṣú, aago rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un. Ó fi kún un pé láti ọjọ́ tó ti kúrò ní abúlé àwọn òbí rẹ̀ lẹ́bàá odò Elbe, kò bojú wẹ̀yìn mọ́.

Orí òkè ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n, ní gúúsù Jámánì, níbi tí omi kì í ti í kún kó tún fà. Èmi ni wọ́n bí sórí omi. Ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá mi. Orí òpó igi ni ilé wa wà, omi ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ̀ pé bí òṣùpá bá ràn mọ́jú, omi òkun á gun àkàsọ̀ ilé wa dé ìpele kẹta. Wákàtí kan náà ló máa ń dé, kì í ṣe wákàtí tí òṣùpá wà láàárín ọ̀run, ó máa ń pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Ní abúlé kejì sí tiwa, ó tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi kò ní aago, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tó yẹ kó kó ẹja rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo to ewé méjìlélógún yẹn sílẹ̀ tí mo rí i pé wákàtí márùn-ún náà kò pọ̀ sí i, kò dín kù, láti ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, mo bú sẹ́rìn-ín. Wákàtí ìkún omi ni. Ìkún omi ńlá, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ní abúlé rẹ̀ lẹ́bàá Elbe. Ó jókòó sí Berlin, ó ń ṣírò omi ilé bàbá rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú kó tó dé.

Mo sáré lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọdún 1984 ni, ọmọ mi kò tíì pé ọdún kan. Ó ń fi ìdáná kan páìpù rẹ̀ bí mo ti ń ṣàlàyé. Nígbà tí mo dé orí àkàsọ̀ ilé wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyáàfin," ó ní, "ojú ọ̀run kì í ṣe abúlé yín."

Mo wá fi gbólóhùn kan hàn án nínú ẹ̀dà lẹ́tà tí ọkùnrin náà kọ sí arábìnrin rẹ̀ ní abúlé: "Mo fi ìpín tèmi ti ọdún yìí ránṣẹ́. Kà á sí wọn létí, kí wọ́n má bàa sọ pé ilé wa kò yọjú." Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìjà ogún ni. Kí ni ogún ń wá níbẹ̀? "Ilé wa kò yọjú" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni. Lọ́dọ̀ wa, bí koríko bá dí ojú omi, ilé kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ yọjú pẹ̀lú àdá. Ilé tí kò bá yọjú, wọn á fi orúkọ rẹ̀ kọrin fún oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rí tó ju èyí lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé mi lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ láti máa to àwòrán ojú ọ̀run tí wọ́n yà sára gíláàsì, ó sì fi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan sí ipò mi, ẹni tí kò lè ka ìwé náà. Yàrá ìsàlẹ̀ yẹn ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pé onímọ̀ ìràwọ̀ náà gbàgbé ilé ti dùn mí jù, n óò sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti sọ irú rẹ̀ sí mi ní ilé. Ó dúró níwájú ẹbí, ó ní obìnrin tó ń wo ìràwọ̀ ní òyìnbó kò mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdọọdún ni mo ń kó àpótí ìwé ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa, òun ló sì ń pín wọn, ó ń gba ọpẹ́ bí ẹni pé òun ló rà wọ́n. Ó ti kú báyìí. Kí Ọlọ́run dáríjì í bó bá wù Ú. Èmi kò tíì rí àyè.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé ní ọgbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù fún mi láti rí ẹ̀rí, mo sì mọ ibi tó yẹ kó wà: ilé ìdílé onímọ̀ ìràwọ̀ náà lẹ́bàá Elbe.

Mo ti lọ síbẹ̀ nígbà kan rí, ní ọdún 1984 yẹn náà. Baálé ilé tó bá mi lẹ́nu ọ̀nà kò jẹ́ kí n parí ìkíni mi. Ó ní àwọn kò ra nǹkan kan, ó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Altona, ní Hamburg níbẹ̀, dé ìparí ọ̀nà, mo sì wọ bọ́ọ̀sì. Atẹ́gùn ń fẹ́ bí ẹni ń lù mí. Abúlé náà wà nísàlẹ̀ Deich. Deich ni òkìtì gígùn tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ mọ lẹ́bàá odò kí omi má bàa wọ oko àti ilé. Ó ga ju orí ilé mìíràn lọ. Bí mo ti rí i ni ara mi yá gágá. Mo gbàgbé eékún mi. Ilé náà ṣì wà, òrùlé koríko ṣì wà lórí rẹ̀. Obìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ mi ṣílẹ̀kùn, bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"N kò ta nǹkan kan," ni mo kọ́kọ́ sọ.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin nìyẹn? Bàbá ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ yín títí ó fi kú. Ó rò pé ìjọba ló rán yín wá gba ilẹ̀."

Opó ni, ọmọ ìdílé onímọ̀ ìràwọ̀ náà ló fẹ́ ẹ. Ó fún mi ní kọfí, ó béèrè ohun tí mo ń wá. Mo ní mo ń wá ìwé tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́ orí Deich. Ó dìde, ó gbé ojú bẹ́ńṣì ilé ìdáná sókè, ó yọ ọmọ ológbò kan kúrò nínú àpótí rẹ̀, lẹ́yìn náà ló yọ ìwé ńlá kan tí wọ́n fi aṣọ àtijọ́ dì.

"Òun nìyí," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti ayé bàbá bàbá ọkọ mi, a kàn ń pa á mọ́ ni. Kò sí ẹni tó lè kà á."

Mo ṣí i. Kòkòrò inú tàdáwà ló kún inú rẹ̀. Mo sáré tẹ̀ ba lé e débi pé obìnrin náà ló bá mi di ìgò ojú mi mú.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní abúlé náà: ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀ lára Deich. Bí omi bá fọ́ ìpín rẹ, ìwọ lo fọ́ ọ. Lọ́dọọdún, kí òtútù tó dé, olórí Deich á rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú àwọn àgbà, wọ́n á sì kọ ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan mú wá. Mo ń kà á sókè fún un. Ilé àkọ́kọ́: ọkùnrin méjì, ṣọ́bìrì méjì, ọjọ́ mẹ́rin. Ilé kejì: kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan, ẹni kan. Mo dé orí ilé tí a jókòó sí, mo sì kọ́kọ́ kà á sínú.

"Kí ló wí?" ni obìnrin náà béèrè. "Ẹ má jókòó tì í, ẹ kà á."

Mo kà á. "Ìwé wákàtí omi dé láti Berlin. Ó tó."

A wo ara wa. Mo ṣí ọdún tó tẹ̀lé e. Ìwé dé láti Berlin, ó tó. Ọdún kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Obìnrin náà ti dìde, ó ti wá dúró lẹ́yìn mi, ó ń fi ìka tọ ohun tí kò lè kà. Ní ọdún kan, wọ́n kọ ọ́ pé ìwé dé, ṣùgbọ́n ó pẹ́, kò tó, arábìnrin rẹ̀ ló gbé ṣọ́bìrì. Ọ̀rẹ́ mi tuntun lu tábìlì, ó ní irú ìdílé ọkọ òun nìyẹn, obìnrin ló máa ń parí iṣẹ́ wọn.

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ìwé láti Berlin ṣe, nígbà tí olúkúlùkù lè gbójú sókè wo òṣùpá. Ó na ọwọ́ sí fèrèsé. Ìkùukùu ti bo gbogbo ojú ọ̀run, kò sí oòrùn, kò sí nǹkan kan.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti rí òṣùpá gbẹ̀yìn," ó ní. "Àwọn tó ń ṣọ́ Deich gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí wọn kò gbọdọ̀ sùn."

Ìgbà náà ni mo wá ọdún tí kò sí ewé rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ewé méjìlélógún la ní, ẹ̀dà tí ọkùnrin náà pa mọ́ fún ara rẹ̀, ó sì yẹ kó jẹ́ mẹ́tàlélógún. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ ọ́ pé àìsàn orí ló fa ìyẹn. Mo rí ọdún náà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kà á sókè: "Kò sí ìwé. Ìyá rẹ̀ kú. Òun fúnra rẹ̀ wá, ó wa yẹ̀pẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ó tó."

Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí wọ́n ní ó gbàgbé ilé! Mo ní kí obìnrin náà jẹ́ kí n mú ìwé náà lọ sí Berlin fún ọjọ́ kan péré. Ó kọ̀. Ó ní ìwé náà kò tíì sun ibòmíràn rí, kò sì ní ti orí òun bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí n fi fóònù ya á nígbà náà. Ó tún kọ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Mo ní ọjọ́ Sátidé, aago méjì ọ̀sán.

"Ìwé náà àti èmi la jọ ń lọ," ó ní. "Aago mẹ́jọ alẹ́ a ti padà sílé."

Báyìí ni àwa arúgbó méjì ṣe pàdé ní Altona ní àárọ̀ Sátidé náà, ìwé wà nínú àpò ọjà rẹ̀ láàárín èso ápù àti ẹyin sísè. Nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ń ka ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ sílẹ̀ láti sọ ní gbọ̀ngán sí i létí, ojú ìwé mẹ́rin. Gbogbo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣe sí mi wà níbẹ̀: àpótí kọ́kọ́rọ́, yàrá ìsàlẹ̀, gbólóhùn tó sọ. Ó gbọ́ ọ títí, ó ń bó ẹyin.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí ojú tì í ni," ó béèrè, "àbí ẹ fẹ́ kó gbà pé ẹ̀yin lẹ rí i?"

"Méjèèjì."

"Ọ̀kan ni kẹ́ ẹ mú. Ẹni tí ojú ń tì kì í gbà. Mo fẹ́ ọkùnrin ilé yẹn fún ogójì ọdún, mo mọ ohun tí mò ń sọ."

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ fi máa dé Gesundbrunnen, mo ti ká ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ti fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ àpò mi. Ohun tí mo wá gbà wà lọ́wọ́ ọkùnrin ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Bó bá sùn tí kò jí, kò sí ẹlòmíràn tó lè fún mi.

Ọmọ mi wá pàdé wa ní Bahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin. Ó kúnlẹ̀ kí wa, àlejò mi sì bi mí bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Ó gbé wa lọ sílé, ó fún wa ní mọ́ínmọ́ín. Obìnrin Deich jẹ méjì, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀wà náà lè hù ní ilẹ̀ àwọn. Ọmọ ọmọ mi obìnrin fi èdè Jámánì bi mí bóyá mo fẹ́ lọ bá ènìyàn jà. Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé rárá. Ó wá yí sí mi, ó ní, "Àbí, Mummy?"

Gbọ̀ngán náà kún. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gbẹ, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà létí rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìwé rẹ̀ tuntun wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, wọ́n tò ó jọ gègèrè. Ó fi ẹ̀rọ gbé ọ̀kan nínú àwọn ewé náà sára ògiri, ó sọ̀rọ̀ nípa arúgbó tí kò mọ̀ pé aago òun ń parọ́. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, kì í ṣe nítorí ìfẹ́.

Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè dìde, mo dìde. Ó fún ojú pọ̀ wò mí, ó sì mọ̀ mí.

"Akọ̀wé mi àtijọ́ nìyí," ló sọ fún gbogbo ènìyàn. "Ó máa ń tẹ ìwé fún mi."

Ojú ìwé mẹ́rin inú àpò mi fẹ́ fò jáde. Mo fi ọwọ́ tẹ àpò náà mọ́lẹ̀. Mo béèrè pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé irọ́ aago yẹn ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, àbí ó ń dín kù?"

Ó ronú. Olóòótọ́ ni nínú nọ́ńbà, èyí ni n óò fi yìn ín. "Kò pọ̀ sí i," ó ní. "Kò dín."

"Aago wo ló bàjẹ́ tó ń pa irọ́ kan náà fún ọdún mẹ́tàlélógún?"

Obìnrin Deich ti dìde, ó ti ń rìn lọ síwájú pẹ̀lú àpò ọjà rẹ̀. Ó gbé ìwé lé orí tábìlì, ó ṣí i síbi tí a fi òwú sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀ ba lé e. Ó tẹ̀ ba lé e pẹ́. Ó yí ìwé náà sápá ọ̀tún, ó yí i sápá òsì, mo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngán náà tó mọ̀ ọ́n. Kò lè kà á. Kò fìgbà kankan lè kà á. Èmi ni mò ń kà á fún un.

Ó gbé orí sókè. Gbohùngbohùn wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ọ.

"Ẹ wá kà á fún mi," ó ní.

Mo lọ síwájú. Mo kà á láti ọdún àkọ́kọ́, ìwé dé, ó tó, ìwé dé, ó tó, mo sì ń ṣàlàyé ìkún omi láàárín wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí ó ti wa yẹ̀pẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, obìnrin kan ní ìlà iwájú fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ka nọ́ńbà lórí ìka rẹ̀. Ó ti ń ṣírò rẹ̀, ó sì ti rí i pé ó bára mu.

Ó nu ojú rẹ̀. Ó wá yí sí àwọn ènìyàn, ó ní, "A ti ń fura sí nǹkan báyìí tipẹ́ ní ilé iṣẹ́ wa."

Mo gbọ́ "a" yẹn, ojú mi ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n kí n tó lanu, obìnrin Deich ti fi ìka rẹ̀ lu ojú ìwé náà.

"Ẹ máa bínú, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ó ní. "Nínú ìwé yìí wọn kì í kọ 'a'. Ẹni tó gbé ṣọ́bìrì ni wọ́n ń kọ."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti fi ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún ojú yẹn, mo sì pa ẹnu mọ́, ohun tó le jù tí mo ti ṣe rí nìyẹn.

"Òun ló rí i," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí sínú gbohùngbohùn. "Ó wá sọ fún mi, n kò sì fẹ́ gbọ́. Inú bí mi pé èmi kọ́ ni mo rí i."

N kò lè ṣàpèjúwe ohun tó ṣe mí. Ó dà bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, tí omi gun àkàsọ̀ lójijì tí a sì ń ké, kì í ṣe ti ẹ̀rù. Ọmọ mi ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn, ẹni tó ní kí n má ṣe nǹkan kan.

Ó yẹ kí n lọ sílé lẹ́yìn èyí. Ẹni rere ì bá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti ń tò sídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà kí ó lè fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n rà, irọ́ náà sì wà nínú gbogbo rẹ̀, ní títẹ̀, pẹ̀lú aago tó bàjẹ́ àti àìsàn orí. Ọ̀jọ̀gbọ́n bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kí n kọ lẹ́tà sí òun, òun á rí i pé wọ́n tún un ṣe bí wọ́n bá tún un tẹ̀. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ló ń sọ̀rọ̀ àtúntẹ̀ fún ẹni mẹ́rìnléláàádọ́rin. Mo fa àga kan, mo jókòó tì í. Mo ṣí ìwé àkọ́kọ́ sí ojú ìwé náà, mo sì fi pẹ́nì sí i lọ́wọ́.

Ó fa ìlà la gbólóhùn aago tó bàjẹ́ náà. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé wákàtí ìkún omi ni, ó sì kọ orúkọ mi, pé èmi ni mo rí i. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀kẹta. Àwọn tó ra ìwé dúró pẹ̀lú sùúrù. Obìnrin Deich kí mi pé ó dìgbà, ó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà, ọmọ mi sì sìn ín lọ sí Bahnhof kó má bàa pàdánù ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó tò tán, èyí tí wọn kò tíì tà ṣì kù lórí tábìlì. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi pẹ́nì lélẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ìka rẹ̀. Ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá a lè fi ìyókù sílẹ̀.

Mo kà wọ́n. Mo ní méje péré ló kù. Mo ṣí èyí tó kàn, mo gbé e síwájú rẹ̀.